Winnie Tasker àti Apá Bàbá Crane

Àwọn obìnrin tó ń bójú tó ilé ìkàwé wa níhìn-ín ní Cobb's Mill ní kí n kọ ojú ìwé kan nípa Winnie Tasker, kí wọ́n lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lábẹ́ àwọn àwòrán rẹ̀. Wọ́n ní èmi ni mo mọ̀ ọ́n jù. Wọn ò parọ́. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi mọ̀ ọ́n, mo sì fi èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jowú rẹ̀. Mo ti kọ èyí tí wọ́n fẹ́. "Ọlọ́wọ́ àrà" wà níbẹ̀, "onínúure" wà níbẹ̀, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Èyí tí mo ń kọ báyìí kì í ṣe ti ògiri.

Ìlú Scranton ni wọ́n bí i sí, níbi tí eruku èédú ti ń dọ̀tí aṣọ tí ìyá rẹ̀ bá fọ̀ fún àwọn olówó kó tó gbẹ lórí okùn. Bàbá rẹ̀ ń tún ìjánu ẹṣin ṣe. Nígbà tí mọ́tò dé, iṣẹ́ bàbá tán. Ọmọ méje ni wọ́n, Winnie ni ìkarùn-ún. Nígbà tí a pàdé nílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Filadẹ́fíà lọ́dún 1911, Winnie Dolan ló ń jẹ́, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti lanu. Èmi ni mo mọ àwòrán yà jù ú lọ. Ẹ má rò pé owú ló ń sọ̀rọ̀ níbí. Àmì ẹ̀yẹ fún yíya ara ènìyàn, èmi ni wọ́n fún, orúkọ mi wà nínú ìwé wọn. Winnie ò mọ ọwọ́ yà. Gbogbo ẹni tó bá yà, ọwọ́ wọn á wà nínú àpò, tàbí lábẹ́ épúrọ̀nù, tàbí lẹ́yìn wọn. Lọ́jọ́ kan olùkọ́ wa wo iṣẹ́ rẹ̀ títí, ó ní, "Omidan Dolan, kí ni gbogbo àwọn èèyàn yìí jí gbé tí wọ́n ń fi pamọ́?" Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín pẹ́ jù.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà lára ọmọ náà tí ẹnikẹ́ni ò lè kọ́ mi. Ó máa ń mọ ibi tó ń dun ènìyàn. Ó lè jókòó nínú ọkọ̀ ojú irin, kó wo obìnrin kan tó di àpò mú, kó sì yà á débi pé ìwọ tó ń wò ó á fẹ́ mọ ẹni tó kú fún un. Èmi á ya obìnrin kan náà, gbogbo egungun ara rẹ̀ á pé, kò sì ní sí ẹni tó máa bi mí léèrè ohunkóhun.

A parí ẹ̀kọ́. Èmi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sára páálí ọṣẹ àti agolo ìyẹ̀fun. Kò sí ẹni tó mọ lẹ́tà gàdàgbà kọ jù mí lọ láàárín Filadẹ́fíà àti Boston, àwọn oníṣẹ́ fúnra wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Winnie ń ya ẹsẹ̀ fún àwọn tó ń ta ìbọ̀sẹ̀. Yàrá kan náà la jọ ń gbé, orí iná kan náà la jọ ń se ẹ̀wà. Lọ́dún 1917, lẹ́tà kan dé láti *Doorstep*, ìwé ìròyìn tó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí gbogbo ilé ní Amẹ́ríkà ń rà nígbà náà. Wọ́n fẹ́ fi àwòrán Winnie ṣe èèpo iwájú. Ọmọkùnrin kan tí ṣegede ń ṣe ló yà, tó jókòó lójú fèrèsé tó ń wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yọ̀ lórí yìnyín. Gbogbo wọn ló wọ ìbọ̀wọ́ onírun, ẹ ò ní rí ìka kan ṣoṣo.

Winnie ń fò sókè sódò. "Nell! Nell, èèpo iwájú! Èmi ọmọ Dolan!"

Mo dì mọ́ ọn. Mo ní, "Mo bá ẹ yọ̀ gan-an." Èèpo iwájú nìkan ni mo fẹ́ láyé mi, ẹyọ kan péré, kí n rí i lórí tábìlì onígbàjámọ̀, kí n rí i lọ́wọ́ àjèjì nínú ọkọ̀, kí n mọ̀ pé èmi ni mo yà á. Ohun tí mo ń lé láti ọmọ ogún ọdún ló bọ́ sí ẹni tí kò mọ ọwọ́ yà lọ́wọ́.

Nígbà tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ parí, àwọn ayàwòrán ń kó lọ sí Connecticut nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ dákẹ́, ọkọ̀ ojú irin sì wà tó ń gbé àwòrán lọ sí Niú Yọ́ọ̀kì àti Filadẹ́fíà. A bá wọn lọ, a sì dúró sí Cobb's Mill yìí. Winnie fẹ́ Fred Tasker, káfíńtà tó wá ṣe fèrèsé sí ilé màlúù àtijọ́ tí Winnie fẹ́ fi ṣe yàrá iṣẹ́. Ọkùnrin náà ṣe fèrèsé fún oṣù mẹ́ta. Èmi fẹ́ Gus Brubaker, ọ̀gá ibùdókọ̀ ojú irin wa. Ilé wa dojú kọ ara wọn. Bí mo bá fa kọ́tìnì mi, yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ni mo ń rí.

Gbogbo ará Cobb's Mill ló ń jókòó fún un kó yà wọ́n. Á dá ọkùnrin dúró níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fá irùngbọ̀n yẹn títí di ọjọ́ Ẹtì." Irùngbọ̀n á sì wà. Aya oníwàásù wa di òpó iná mú fún wákàtí méjì nínú òtútù. Gus mi wà lórí èèpo *Doorstep* lẹ́ẹ̀mẹta. Ajá mi wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ńkọ́? Kò pè mí rí. Mo bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan, bíi pé mò ń ṣeré. Ó ní, "Ìwọ? Nell, ojú rẹ kì í sọ nǹkan kan fúnni. Ojú ni mo máa ń pè ẹ́ fún."

Ohun tó ní lọ́kàn ni àṣà kan tí àwa ayàwòrán ní níbí. Bí o bá ti ya àwòrán kan fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ojú rẹ á kú sí i. O ò ní rí i mọ́. Torí náà kó o tó kàn án sínú àpótí, wàá pe ayàwòrán mìíràn kó wá fi ojú tuntun wò ó. Ẹni tí o bá pè ò gbọ́dọ̀ pọ́n ẹ lé. Ẹ̀rù àwọn tó ń ka *Doorstep* ló fà á. Wọn ò níṣẹ́ méjì ju kí wọ́n máa wá àbùkù kiri orí èèpo ìwé. Dwight Pell tó ń gbé lẹ́bàá odò ya obìnrin kan tó ń fún wàrà láti apá òsì màlúù. Gbogbo àgbẹ̀ ló mọ̀ pé apá ọ̀tún ni wọ́n ti ń fún un. Ẹgbẹ̀rin lẹ́tà ló dé, kódà láti ìpínlẹ̀ tí kò sí màlúù. Wọn ò pe Dwight mọ́ láéláé. Ó ń kọ orúkọ sára ilẹ̀kùn ilé ìtajà báyìí. Àwòrán tó bá sì ní àbùkù, àwọn olóòtú máa ń kó gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ayàwòrán, kó dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èmi ni Winnie máa ń pè. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń ràn án lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Mo rí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Mo rí ọmọ tó wọ bàtà òsì méjì. Ọ̀tá ẹni kì í pa òdù ọ̀yà, ṣùgbọ́n èmi náà tí mo ń jowú yìí, èmi ni mo ń bá a tún ìgbẹ́ ọdẹ rẹ̀ ṣe.

Lọ́dún 1926, Ọ̀gbẹ́ni Voorhees, olóòtú àwòrán ní *Doorstep*, ń wá èèpo fún Ọjọ́ Ìrántí ní òpin oṣù karùn-ún, ọjọ́ tí a ń fi òdòdó sí sàréè àwọn sójà. Èmi náà fi àwòrán kékeré kan ránṣẹ́, ọmọbìnrin kan láàárín sàréè. Èsì rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi títí dòní: "Ìyáàfin Brubaker, ti Ìyáàfin Tasker la mú. Ṣùgbọ́n mo fi tiyín sínú àpótí mi. Ní oṣù keje la máa pín iṣẹ́ ọdún tuntun. Bí nǹkan kan bá yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀yin ló kàn." Mo ka ìwé yẹn débi pé ó ya.

Bàbá Asahel Crane ni Winnie fẹ́ yà. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni bàbá náà, apá òsì rẹ̀ sì ti ṣègbé sógun abẹ́lé Amẹ́ríkà ní Virginia nígbà tó jẹ́ ọ̀dọ́ sójà. Nínú àwòrán náà, ìwọ́de ti kọjá lọ, gbogbo èèyàn ti tẹ̀ lé e, bàbá nìkan ló kù lórí ìloro ilé rẹ̀ nínú ẹ̀wù ogun àtijọ́, tó ń kí àsíá tí kò sí níbẹ̀ mọ́ ní ìkíni sójà. Winnie ya fọ́tò rẹ̀ nínú oṣù kejì. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òtútù àyà mú bàbá, ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé e lọ sí Hartford. Fọ́tò nìkan ló kù fún Winnie.

Ó ní ẹ̀rọ kan tó ń tan fọ́tò orí gíláàsì sára aṣọ àwòrán, kéèyàn lè tẹ̀ lé ìlà rẹ̀. Nígbà náà, ojú ń tini láti lò ó. Àwọn èèyàn gbà pé ẹni tí kò mọ àwòrán yà ló ń lò ó. Winnie máa ń fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó. Fred mọ̀, èmi sì mọ̀. Kò sí ẹlòmíràn.

Ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹta, ó dúró lójú ọ̀nà, ó ń pè mí.

"Nell, wá bá mi wo nǹkan. Ojú mi ti kú. Fred ti ń kan àpótí."

Mo wọlé. Mo wo àwòrán náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ó dára ju ohunkóhun tí mo lè yà láyé àti lọ́run lọ. Lẹ́yìn èyí ni mo rí apá. Apá aṣọ ọ̀tún ni wọ́n fi pín-ìn-nì gbé sókè. Ọwọ́ òsì ni bàbá fi ń kíni. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni Bàbá Crane ń bọ̀ mí lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọwọ́ kan ṣoṣo tó ní. Winnie ti fi gíláàsì yẹn sẹ́yìn sínú ẹ̀rọ, gbogbo nǹkan sì yí. A kì í mọ̀ ọ́n gún mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ.

Ó dúró lẹ́yìn mi, ó ń fi àkísà nu ọ̀dà lọ́wọ́. "Sọ̀rọ̀ o. Má pọ́n mi lé. Imú rẹ̀ ńkọ́, ṣé kò pupa jù?"

"Imú rẹ̀ dáa."

"Òpó ìloro yẹn?"

"Ó gún."

"Ṣé kò sí ohun tí àwọn aláìníṣẹ́ yẹn máa rí kọ lẹ́tà sí mi lé lórí? Lálẹ́ àná mo lá Dwight Pell lálàá. Ó gbé màlúù wá fún mi."

Gbólóhùn kan péré ló kù kí n sọ. Ó ti wà lórí ahọ́n mi. Mo sì rí ẹgbẹ̀rin lẹ́tà. Mo rí Voorhees tó ń ṣí àpótí rẹ̀. Mo rí orúkọ mi ní igun ìsàlẹ̀ èèpo ìwé, níbi tí tirẹ̀ máa ń wà.

Mo ní, "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, Winnie. Fi ránṣẹ́."

Ó mí kanlẹ̀, ó fẹnu kò mí lẹ́rẹ̀kẹ́.

Ẹ lè ní ẹnu ló yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó tì o. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn mo gbé oúnjẹ lọ fún Gus ní ibùdókọ̀, búrẹ́dì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀, àpótí Winnie sì wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń dúró de ọkọ̀ agogo mẹ́rin. Mo jókòó tì í.

Gus ń jẹun, ó ń wò mí. "Kí ló ṣe ẹ́? O ń wo àpótí yẹn bíi pé ó fẹ́ bù ẹ́ jẹ."

"Kò sí nǹkan kan."

"Àbí owú tún ti dé? Ìyàwó mi, fi obìnrin yẹn sílẹ̀. Ọṣẹ tìẹ náà, gbogbo ayé ló ń fi wẹ̀."

"Gus, jẹ búrẹ́dì rẹ."

Agogo mẹ́rin kù díẹ̀, ọkọ̀ dé. Gus àti ọkùnrin kan gbé àpótí náà wọlé. Mo juwọ́ sí i bí ẹni tó ń kí èrò ọkọ̀ pé ó dàbọ̀.

Ìwé jáde nínú oṣù karùn-ún. Bàbá Crane ti padà láti Hartford, ara rẹ̀ ti le, ohùn rẹ̀ sì ti le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ti rí i. Gbogbo wa la wà níbẹ̀.

"Winifred! Apá wo lo gé fún mi?"

Winnie rẹ́rìn-ín. "Bàbá, kí lẹ ń sọ?"

Ó na èèpo ìwé sí i. "Ó lé lọ́gọ́ta ọdún tí mo ti ń fi ọwọ́ yìí jẹun. Ìwọ gé e láàárín oṣù kan! Dókítà ológun pàápàá ò yá tó ẹ. Ó kéré tán, òun fún mi ní ọtí mu kó tó gé tèmi."

Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Winnie ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wo ìwé, ó wo bàbá, ojú rẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun, ó sì sáré lọ sílé. Mo tẹ̀ lé e. Ó dúró níwájú dígí ńlá tó wà nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé èèpo ìwé náà sí i. Gbogbo ayàwòrán ló ń fi dígí yẹ iṣẹ́ wò, nítorí dígí máa ń tú àṣírí ojú tó wọ́ àti ejìká tó tẹ̀. Winnie ti fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún wo Bàbá Crane nínú dígí. Nínú dígí, apá bàbá wà níbi tó yẹ kó wà, gẹ́gẹ́ bó ṣe mọ̀ ọ́n.

Ó ní, "Dígí ló tàn mí jẹ." Ó ń sunkún. "Nell, mo ti parí. Màlúù Dwight ni èyí."

Mo dì í mú. Mo ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn, inú mi sì ń dùn. Mi ò ní fi bò fún yín.

Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Àpò kan. Àpò méjì. Gus ní ká wá fi kẹ̀kẹ́ ẹrù kó wọn ní ibùdókọ̀. Winnie ò lè ṣí wọn, èmi ló bẹ̀ kí n bá a ṣí wọn. Mo jókòó, mo ṣí àkọ́kọ́ pẹ̀lú ìdùnnú. Opó kan ní Iowa ló kọ ọ́: "Ìyáàfin, mo ti wo sójà yín láti àárọ̀. Ó fi ọwọ́ tó yẹ kó fi kíni sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè rẹ̀, ó sì ń fi èyí tó kù kí i. Mi ò tíì rí ẹni tó ya irú rẹ̀ rí." Mo ṣí òmíràn. Mo ṣí ogún. Bákan náà ni gbogbo wọn. Àwọn sójà àtijọ́ ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀dà rẹ̀ kí wọ́n gbé e kọ́. Olùkọ́ kan ní àwọn ọmọ kíláàsì òun dìde dúró fún un. Apá tí Winnie fi àṣìṣe gé ni gbogbo Amẹ́ríkà ń sunkún lé lórí! Winnie ti kọ̀wé jẹ́wọ́ àṣìṣe náà fún Voorhees fúnra rẹ̀. Wáyà Voorhees dé nírọ̀lẹ́: MÁ SỌ FÚN ẸNIKẸ́NI. A FẸ́ ÈÈPO MÉJÌLÁ LỌ́DÚN.

Bí mo bá ti la ẹnu mi lọ́jọ́ yẹn, Winnie ì bá ti tún apá yẹn yà, àwòrán náà á dára, wọ́n á wò ó, wọ́n á gbàgbé. Ìdákẹ́ mi ló sọ ọ́ di ńlá. Ẹ wo ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe fún un! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni oúnjẹ ò fi lọ lọ́fun mi. Nígbà tí mo wá rí àwòrán náà nínú férémù onígíláàsì lójú fèrèsé ilé ìtajà ní Bridgeport, ibẹ̀ ni mo ti ra ìwé àti sítáǹbù. Mo kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ ọwọ́ mi: OLÓÒTÚ, SÓJÀ YÍN KÒ PÀDÁNÙ APÁ Ọ̀TÚN RÁRÁ. APÁ ÒSÌ NI. AYÀWÒRÁN YÍN FI Ẹ̀RỌ YÀ Á, Ó SÌ FI FỌ́TÒ SÍ I SẸ́YÌN. Mi ò fi orúkọ sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Winnie wọlé tọ̀ mí. Mò ń se ẹ̀wà. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó tẹ́ ìwé kan sílẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ dáadáa.

"Voorhees fi èyí ránṣẹ́ sí mi kí n dáhùn. Kò sí àdírẹ́sì."

Mo wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. "Ayé burú o."

"Ayé burú." Ó fi ìka sórí ìlà àkọ́kọ́. "Nell, ẹni tí inú ń bí kì í kọ̀wé gún báyìí. Kò sí lẹ́tà kan tó ga ju èkejì. Wo ìrù tó wà lára R yìí. Páálí ọṣẹ tó wà nílé ìdáná mi, mo máa ń rí ìrù yìí láràárọ̀ tí mo bá ń fọ abọ́."

Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Èmi pẹ́. Mo koná. Mo bu iyọ̀ sí ẹ̀wà tí mo ti bu iyọ̀ sí tẹ́lẹ̀.

Ó ní, "Lẹ́tà yìí ò dùn mí. Ó jọ mí lójú pé o lè jowú mi, mi ò rò pé mo tó bẹ́ẹ̀. Ohun kan ni mo fẹ́ mọ̀. Ọjọ́ tí mo pè ẹ́ wá wò ó, ṣé o rí i?"

"Winnie..."

"Ṣé o rí i?"

"Mo rí i."

"Kí Fred tó kàn án?"

"Kó tó kàn án."

Ó mi orí. Kò pariwo, ì bá sàn fún mi kó pariwo. Ó ní, "Ẹ̀yìn rẹ ni mo dúró sí. Mo rí i bí ọrùn rẹ ṣe le gan. Mo rò pé àwòrán náà ló wọ̀ ẹ́ lára." Ó ká ìwé náà, ó dìde, ó dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ̀wà rẹ ń jóná."

A ò jà. Ní àjọ̀dún Ìdúpẹ́ ó gbé páì ápù wá bó ṣe máa ń ṣe, ó ń jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí mo ṣàìsàn òun ló ń se ọbẹ̀ fún Gus. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí tó fi kú. Bó bá sọ ọ́, ibi gbogbo ni màá ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kò pè mí wá wo àwòrán mọ́. Fred ló ń pè, Fred tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín òjìji àti àbààwọ́n. Mo ń rí wọn láti ojú kọ́tìnì mi, bí ọkùnrin náà ṣe ń họ orí. Èèpo igba ó lé mẹ́rìndínlógójì ni ó yà fún *Doorstep*. Ó kọ́ ọwọ́ yà nígbà tó pé ọdún márùndínlógójì, ọwọ́ tó sì wá ń yà, mi ò lè sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ láìsí pé inú bí mi. Lẹ́yìn ogun kejì, fọ́tò gba orí èèpo ìwé, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fún un ní aago. Ó kú lóṣù kejì tó kọjá yìí, níbi tó ti ń gbọ́n yìnyín kúrò lójú ọ̀nà.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ilé ìkàwé. Lọ́dún 1931, olóòtú tuntun kan, Sayre, rí iṣẹ́ mi níbì kan, ó sì kọ̀wé pé kí n ya èèpo kan fún ọ̀sẹ̀ ìkórè ápù. Èmi. Ẹni ogójì ọdún ni mí. Mo ya obìnrin kan ní ibùdókọ̀ Gus, tó gbé àpótí aṣọ sílẹ̀, tí ajá jókòó tì í, tí ọkọ̀ ojú irin ò sì tíì dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọjọ́ Ajé ni kó dé ọwọ́ wọn. Ní Ọjọ́bọ̀, ojú mi kú pátápátá. Mo gbé dígí sí i, mi ò fọkàn tán dígí. Mo pe Gus.

"Ó dáa. Ajá yẹn jọ ajá."

"Ṣé àbùkù kan wà níbẹ̀?"

"Obìnrin náà ò ra tíkẹ́ẹ̀tì."

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Àwọn ayàwòrán yòókù ti kó lọ, Dwight ò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Mo sọdá títì. Mo kan ilẹ̀kùn. Mo ní, "Winnie, jọ̀ọ́, wá bá mi wo nǹkan."

Ó bọ́ épúrọ̀nù rẹ̀, ó tẹ̀ lé mi. Ó wo àwòrán náà títí. Ó sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbi ìsàlẹ̀ lápá òsì, ojú rẹ̀ dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó nàró.

Mo ní, "Kí ló wà níbẹ̀?"

"Mi ò rí nǹkan kan."

"Winnie, torí Ọlọ́run."

"Nell, ó dára. Kò sí nǹkan kan." Ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi. Mo wá ojú rẹ̀ kiri, mi ò rí ohun tí mo lè kà níbẹ̀. Ó lọ sílé.

Mo kúnlẹ̀ síbi ìsàlẹ̀ lápá òsì yẹn. Bàtà obìnrin náà wà níbẹ̀, àti ẹsẹ̀ ajá, àti ojú irin. Mo ka okùn bàtà. Mo pe Gus kó wá wo ìṣó tó de ojú irin mọ́lẹ̀.

"Ìṣó dáa."

"Wò ó dáadáa!"

"Nell, ogún ọdún ni mo ti ń wo ojú irin. Ojú irin nìyẹn."

Mo pa bàtà náà rẹ́, mo tún un yà. Mo pa ẹsẹ̀ ajá rẹ́. Ọjọ́ Ajé kọjá. Sayre tẹ wáyà, ÀWÒRÁN DÀ. Mo dáhùn pé kò tíì parí. Wọ́n lo ti ẹlòmíràn, wọn ò sì kọ̀wé sí mi mọ́.

Nígbà tí ìwé ọ̀sẹ̀ yẹn jáde, Winnie bá mi nídìí àpótí lẹ́tà. Ó mú un dání. "Mi ò rí tìẹ. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Mi ò rí i parí."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Ṣebí mo sọ fún ẹ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn gan-an. Mo gbà á gbọ́ níbi tí mo dúró sí. Nígbà tí mo fi máa dé inú ilé, mi ò gbà á gbọ́ mọ́, mo sì tún kúnlẹ̀ ti àwòrán náà.

Ó wà lókè àjà ilé wa. Lọ́jọ́ kejì tí a sin Winnie, mo ní kí Gus bá mi gbé e sọ̀ kalẹ̀, mo gbé e sójú fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí, mo sì wò ó láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Mi ò tíì rí àbùkù rẹ̀.